Rìsíìtì Ẹnu Géètì

Èmi ni wọ́n fi sẹ́nu géètì,
èmi, ìwé rìsíìtì, bírò búlúù méjì,
àti ike bọ́tà tí à ń sọ owó sí.
Pápá iléèwé ni, l'Ẹ́pẹ̀ẹ́, ọjọ́ Sátidé,
ọ̀sà ń fẹ́ òórùn ẹja sí wa nímú.

Òǹwòran, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà.
Ẹni tó bá gbé katakata àtijọ́ wá, ẹgbẹ̀rún márùn-ún.
Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ fún mi nìyẹn.
N kò bi wọ́n ní ìdí.
Iṣẹ́ ọjọ́ kan, owó ọjọ́ kan.

Aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀
a gbọ́ ọ kí a tó rí i:
kàtà-kàtà-kàtà, ó dákẹ́, ó wúkọ́,
kàtà-kàtà.
Baba Ògúnmẹ́fun láti Ìlárá,
lórí ẹ̀rọ pupa kan tí oòrùn ti sọ dàwọ̀ amọ̀.
Kí wọ́n tó pe ìrun àsùbá ló ti gbéra.
Àwọn ọlọ́kọ̀ ń fun fèrè mọ́ ọn lẹ́yìn,
ó ní òun rò pé wọ́n ń kí òun ni.

Mo ní, "Bàbá, ẹgbẹ̀rún márùn-ún."
Ó ní, "Ẹ fẹ́ fún mi?"
Mo ní, "Rárá o. Ẹ̀yin lẹ máa san án."

Ó pa ẹ́ńjìnnì.
Ó sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ kan, ó sinmi, ìkejì,
bí ẹni tó ń ti orí ọ̀pẹ bọ̀.
"Ṣé ẹja ló wá ń sanwó fún àwọ̀n báyìí?
Èmi ni wọ́n wá wò, èmi ni n ó tún sanwó ìran?
Dísù lítà mẹ́jọ ni mo jó débí.
Táyà ẹ̀yìn yìí, ọdún méjì ni mo fi wá a,
Ṣágámù ni mo ti rí i, lára òkú katakata mìíràn."

Alájà Mújídátù, akápò, ti dé.
Kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹ má ṣì í gbọ́.
"Bàbá, àtíbàbà yẹn, ta ló háyà rẹ̀?
Omi ńkọ́? Ilé ìyàgbẹ́ ńkọ́?
Okùn tí a fà kí ọmọ ọlọ́mọ má bàa kó sábẹ́ táyà?
Òǹwòran mọ́kàndínlógójì péré ló tíì wọlé.
Katakata ọkọ mi ló wà lọ́hùn-ún yẹn. Èmi náà san."
Òótọ́ ni. Èmi ni mo kọ ọ́. Nọ́ńbà kìíní.

Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ló wọ̀ mí létí.
Ìyà ni, fún ẹni tí bírò wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Baba kò pariwo. Ó ṣí àpótí irinṣẹ́,
ó fa ìwé kan yọ tí eku ti jẹ létí:
éékà mẹ́rin, náírà mẹ́rìnlélógún, a ti gbà á.
"Nígbà tó ń ṣiṣẹ́, àwọn ló ń sanwó fún un.
Ó wá fẹ̀yìn tì tán,
òun ló ń sanwó kí wọ́n tó wo ojú rẹ̀."

Mo rántí bàbá tó bí mi, tíṣà,
tó máa ń wọkọ̀ lọ sí Ìkẹjà
kí wọ́n lè fojú rí i pé kò tíì kú.
Owó ọkọ̀, àlọ àtàbọ̀, àpò ara rẹ̀ ni.
N kò sọ ọ́ síta.

Baba ka ẹgbẹ̀rún méjì àbọ̀ sínú ike.
"Kọ ìdajì.
Ìdajì ni wọn yóò rí."
Ó wakọ̀ wọlé, ó fa tapólì bo iwájú rẹ̀,
látorí ẹ́ńjìnnì títí dé ìdí ìjókòó.
Gbogbo ọjọ́ ni àwọn èèyàn fi yí táyà méjì ẹ̀yìn po,
wọ́n ń wò wọ́n gidigidi,
àwọn mìíràn tilẹ̀ ń ya fọ́tò.
Alájà rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú.

Nígbà tí a ka owó tán, tí a ti géètì,
mo lọ bá a níbi tó ti ń jẹ ẹ̀pà.
Mo gbé etí tapólì náà sókè.
Ó gbójú kúrò, bí ẹni tí kò rí mi,
ó ní, "Fọwọ́ kàn án. Ó ṣì gbóná."